Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Sydney rí lóòótọ́? Ìdáhùn lórí àwòrán Conrad Martens

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sydney ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àwọn ọmọ mi rí àwòrán àtijọ́ kan tí wọ́n ní Conrad Martens ló yà. Omi inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, oòrùn ń tàn bíi wúrà, ìlú jókòó jẹ́jẹ́ sí òdìkejì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ wọn nílé ìwé pé ìlú ẹlẹ́wọ̀n ni Sydney nígbà yẹn. Wọ́n wá ń bi mí pé èwo ni ká gbà gbọ́. Ta ni ọkùnrin yìí, ṣé àwòrán rẹ̀ ṣeé gbára lé?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àjò. Ohun táwọn ọmọ yín béèrè yìí, ọ̀pọ̀ àgbà ni kì í béèrè rẹ̀. Wọ́n á kàn gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ ara ògiri ni. Kí n tètè dáhùn kí n tó máa ṣàlàyé: òótọ́ ni àwòrán náà, òótọ́ sì ni ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé. Ilé, etí omi àti ọkọ̀ tí ẹ bá rí nínú iṣẹ́ Martens, ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà lórí wọn. Ìmọ́lẹ̀ inú àwòrán ni kí ẹ yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn ènìyàn tó máa ń wà ní iwájú àwòrán, ẹ máa fura sí wọn. Ìdí ni pé ọkùnrin náà mọ bí a ti ń ya ilẹ̀ kí ó má yàtọ̀ sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó fún un ló ń pinnu ibi tí yóò kọjú sí. Ìgbésí ayé rẹ̀ ló máa jẹ́ kí èyí yé yín.

London ni wọ́n bí i sí ní 1801, àmọ́ ọmọ àlejò ni níbẹ̀. Oníṣòwò láti Hamburg ní Jámánì ni bàbá rẹ̀, ó sì jẹ́ aṣojú Austria ní London. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá kú ní 1816, ìyá kó àwọn ọmọ lọ sí Exeter. Conrad àti méjì nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin ló di ayàwòrán. Ọ̀dọ̀ Copley Fielding ló ti kọ́ṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ọ̀dà olómi tí òkìkí wọn kàn jù ní London nígbà náà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́dọ̀ Fielding ni pé kí ọ̀dà fẹ́lẹ́ lórí bébà, kí wọ́n kun ún lé ara wọn títí òfurufú, ìkùukùu àti ọ̀nà jíjìn yóò fi yọ. Ẹ má gbàgbé èyí, torí ibẹ̀ ni oòrùn wúrà yẹn ti wá.

Ní 1833 ó wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Hyacinth, ó fẹ́ lọ sí Íńdíà. Kò dé Íńdíà. Nígbà tí ọkọ̀ dé Gúúsù Amẹ́ríkà ló gbọ́ pé Kápútènì Robert FitzRoy ti ọkọ̀ Beagle ń wá ayàwòrán, torí pé Augustus Earle tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ ti ṣàìsàn. (Ẹ fi orúkọ Earle yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.) Martens lọ bá FitzRoy ní Montevideo, ó sì gbà á síṣẹ́. Beagle yìí náà ni Charles Darwin, onímọ̀ nípa ẹ̀dá oníyè, wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 tí ayé ò tíì mọ̀. FitzRoy kọ lẹ́tà sí Darwin láti fi ayàwòrán tuntun náà hàn án. Ó ní ọkùnrin yìí máa ń ké lójú oorun pé ẹ wo òun lórí ṣóńṣó òkè Andes.

Ìtàn kékeré kan wà láàárín wọn tí mo fẹ́ràn, torí ó fi bí ayé inú ọkọ̀ náà ṣe rí hàn. Ní ìparí ọdún 1833, ní Port Desire ní Patagonia, Martens yin ẹyẹ rhea kan níbọn. Rhea jọ ògòǹgò ṣùgbọ́n ó kéré sí i. Wọ́n sè é, wọ́n jẹ ẹ́. Àsìkò tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán ni Darwin tó rántí pé irú rhea kékeré kan wà tí òun ti ń wá káàkiri látìgbà tó ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó sáré ṣa orí, ọrùn, ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ tó ṣẹ́ kù jọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí London, àwọn onímọ̀ ẹyẹ níbẹ̀ sì fi orúkọ Darwin sọ ẹyẹ náà. Martens ló yìnbọn, Darwin ni wọ́n fi sọ ẹyẹ.

Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ìbéèrè yín ni ohun tí Beagle sọ Martens dà. Iṣẹ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán FitzRoy ni pé kí ó wọn etíkun Gúúsù Amẹ́ríkà, kí ó ya máàpù rẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ mìíràn lè máa gba ibẹ̀ kọjá láìfarapa. Ayàwòrán tó wà lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè gbé òkè láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún torí pé ó fẹ́ kí àwòrán dùn ún wò. Ọkọ̀ ẹlòmíì lè torí rẹ̀ kọlu àpáta. Ó ní láti ya ìlà etíkun bó ṣe wà gan-an, kí ó kọ déètì àti orúkọ ibẹ̀ sí i. Méjì nínú ìwé ìyàwòrán rẹ̀ láti ìgbà yẹn wà ní yunifásítì Cambridge, wọ́n sì ti gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí wọn fáwọn ọmọ. Léèdì ló pọ̀ jù nínú wọn, ìlà tó mú, tí kò ṣiyèméjì, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ kéékèèké tó fi ń rán ara rẹ̀ létí àwọ̀ ibi tó wà níwájú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1834, nígbà tí wọ́n fa Beagle gun ilẹ̀ ní ẹnu odò Santa Cruz láti tún ìdí rẹ̀ ṣe, Martens ya ọkọ̀ náà bó ṣe dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwòrán yẹn wà lára èyí táwọn ènìyàn mọ̀ jù nípa gbogbo ìrìn àjò náà títí dòní.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò pẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Valparaíso ní Chile ní 1834, FitzRoy ní láti ta ọkọ̀ kejì tí ó ti fowó ara rẹ̀ rà, èrò kún inú Beagle, àyè ayàwòrán sì tán. Martens wá ọ̀nà ara rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Tahiti àti Moorea, ó gba New Zealand kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí Sydney ní oṣù kẹrin 1835. Ibẹ̀ ló kú sí ní 1878.

Sydney tó bá ò tíì pé 50 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dó síbẹ̀. 1788 ni wọ́n dé. Àwọn tó ń gbé inú ìlú náà ò ju bí 20,000 lọ. Wọ́n ṣì ń kó ẹlẹ́wọ̀n wá láti Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland, 1840 ni wọ́n tó dá a dúró fún New South Wales. Ní oṣù kìíní 1836, Beagle fúnra rẹ̀ yà sí Sydney, Darwin àti FitzRoy sì wá ọ̀rẹ́ wọn lọ. Darwin ra àwòrán ọ̀dà olómi méjì lọ́wọ́ rẹ̀, gíní mẹ́ta mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan.

Martens ní ìwé ìṣirò kan tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí láti 1835 lọ: àwòrán tó yà, ẹni tó rà á, iye tó san. Fún èmi, ìwé yẹn ṣe pàtàkì tó àwòrán fúnra rẹ̀, torí òun ló jẹ́ ká mọ ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún. Gómìnà wà nínú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àgbà wà níbẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ní ilẹ̀ àgùntàn náà ò gbẹ́yìn. Ẹ wo Alexander Macleay, akọ̀wé àgbà ìjọba, ẹni tó kọ́ Elizabeth Bay House sí etí omi láàárín 1835 sí 1839. Martens ya ilé náà àti àyíká rẹ̀ léraléra. Ilé ọ̀hún ṣì dúró títí dòní, ẹ lè mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀.

Kí ni irú àwọn báyìí fẹ́ rà? Wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sílé ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹbí rí i pé àjò gbè wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun mọ èyí dáadáa: fọ́tò iwájú ilé tuntun àti mọ́tò ni à ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kì í ṣe ti ọjọ́ tí onílé ń kanlẹ̀kùn owó ilé. Kò sí irọ́ nínú fọ́tò yẹn, ilé náà wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán Martens. Ohun tí oníbàárà ń yangàn sí ló yà, ó sì yà á dáadáa.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti rántí Augustus Earle nìyí. Ọkùnrin tí Martens rọ́pò lórí Beagle yìí ti gbé Sydney ṣáájú rẹ̀, láàárín 1825 sí 1828. Ní 1830 ó tẹ àwòrán kan jáde ní London nípa àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìjọba ní Sydney: àwọn ọkùnrin tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń kó jáde. Ìlú kan náà ni, àwọn ọdún yẹn ò sì jìnnà síra. Ẹ gbé ti Earle àti ti Martens síwájú àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè wọn yóò dáhùn ara rẹ̀ ju bí mo ṣe lè dáhùn rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí Earle yà wà nínú Sydney tí Martens yà. Àwọn ló fọ́ òkúta ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tó ń dán lójú oòrùn rẹ̀. Wọn ò kàn sí níbi tó kọjú sí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìlú náà fúnra rẹ̀. Ibi tí Martens fẹ́ràn jù láti dúró ni òkè apá àríwá omi, ibi tí wọ́n ń pè ní North Shore, kí ó máa wo Sydney lódìkejì. Ní 1843 wọ́n tẹ ọ̀kan nínú irú àwòrán yìí jáde ní London láti ara òkúta, ọgbọ́n ìtẹ̀wé tí wọ́n ń pè ní lithograph. Ẹ mú ẹ̀dà àwòrán àtijọ́ tí wọ́n yà láti ibẹ̀, ẹ lọ dúró ní Milsons Point. Ilẹ̀ tó yọ sínú omi lápá òsì yín, níbi tí Opera House wà báyìí, odi olókùúta kékeré kan ni ẹ ó rí níbẹ̀ nínú àwọn àwòrán náà. Fort Macquarie nìyẹn, 1901 ni wọ́n tó wó o. Ilé Gómìnà tó dà bí ààfin ìgbà láéláé wà lókè lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1837, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Tí ẹ bá wá fi àwòrán ọ̀dà olómi tó yà ní 1857 nípa èbúté Campbell wé àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó ṣì tò sí etí omi ní The Rocks, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ẹ fọwọ́ sọ̀yà lórí ilé àti etí omi. Ọwọ́ tí FitzRoy lò kò ṣì lórí òkúta.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Níbi tí ẹ ń gbé, apá àríwá ni oòrùn ń gbà rìn lójú sánmà, kì í ṣe gúúsù. Ẹni tó bá dúró ní North Shore tó kọjú sí gúúsù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni oòrùn wà lọ́sàn-án, iwájú àwọn ilé ìlú ló sì ń tàn sí. Nítorí náà, ògiri tó ń dán nínú àwòrán wọ̀nyẹn kì í ṣe àsọdùn, òkúta Sydney aláwọ̀ oyin yẹn ń dán bẹ́ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rí àwòrán tí ó kọjú sí gúúsù gbọnrangandan tí oòrùn fúnra rẹ̀ sì dúró sórí ìlú, ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ J. M. W. Turner ni oòrùn yẹn ti wá, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìmọ́lẹ̀. Martens fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ó ti kọ́ látọ̀dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ pé kí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ṣókùnkùn, kí igi bò ó díẹ̀, kí omi wà láàárín, kí ojú máa lọ síbi tó mọ́lẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ẹ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ ó bá ìtò yìí. Igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè má sí níbẹ̀ rí.

Abẹ́ igi yẹn náà ni àwọn ènìyàn tí mo ní kí ẹ fura sí máa ń wà: àwọn ọmọ onílẹ̀, méjì mẹ́ta, tí wọ́n jókòó ti iná tàbí tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ dání, tí wọ́n ń wo ìlú láti òkèèrè. Ilẹ̀ àwọn Cammeraygal ni North Shore, ti àwọn Gadigal sì ni ibi tí ìlú wà. Ṣọ̀pọ̀ná ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ní 1789, àwọn aṣíkiri sì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó kù. Nínú àwòrán, wọ́n di ohun tí a fi ń fi hàn pé ìlú tuntun náà jìnnà sí igbó. Inú mi kì í dùn sí apá yìí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya òrùlé ilé ìkẹ́rùsí bó ti rí gan-an, ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilẹ̀, àmì lásán ni wọ́n jẹ́ nínú rẹ̀, láìlórúkọ àti láìlójú.

Ẹ má rò pé ó rí towó ṣe o. Ó fẹ́ Jane Carter ní 1837, wọ́n bí ọmọbìnrin méjì tó dàgbà, Rebecca àti Elizabeth, Rebecca náà sì di ayàwòrán. Lẹ́yìn 1840 ọ̀dá owó dá, owó irun àgùntàn já wálẹ̀, Bank of Australia wó ní 1843. Àwọn tó ń ra àwòrán ni gbèsè kọ́kọ́ mú. Macleay fúnra rẹ̀ jáde kúrò nínú Elizabeth Bay House ní 1845 nítorí gbèsè. Ìgbà yìí ni Martens ń wá oríṣiríṣi ọ̀nà: ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní àwòrán yíyà, ó ń ta àwòrán títẹ̀ tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì tẹ ọ̀wọ́ àwòrán àyíká Sydney jáde ní 1850 àti 1851. Ní ìparí 1851 ó lọ sókè àríwá títí dé Brisbane àti Darling Downs, ó ń ti ilé olówó àgùntàn kan bọ́ sí èkejì, ó ń ya ilé wọn, ó ń gba iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin tó ti bá Darwin rìn ń kiri iṣẹ́ ní ẹni 50 ọdún.

Ní 1863 ló tó rí owó oṣù gidi, nígbà tí wọ́n fi í ṣe igbákejì olùtọ́jú ilé ìkàwé ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New South Wales. Ó ń yàwòrán lọ nígbà tí àyè bá wà. Ọdún kan ṣáájú, ní 1862, ó kọ lẹ́tà sí Darwin, ó sì fi àwòrán odò Brisbane ránṣẹ́ sí i. Nínú lẹ́tà náà ló ti sọ fún un pé òun ò tíì ka ìwé rẹ̀ lórí orírun àwọn ẹ̀dá, èyí tí gbogbo ayé ń sọ, torí ẹ̀rù ọ̀rọ̀ dídùn Darwin ń ba òun, òun ò sì fẹ́ gbà pé orírun kan náà ni òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ní. Ìfẹ́ ṣì wà láàárín àwọn méjèèjì bí èrò wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

Ṣáájú kó tó kú ni fọ́tò ti gba ojú ọ̀nà. Ọdún 1841 ni ẹ̀rọ fọ́tò ti kọ́kọ́ dé Sydney. Ní 1875, Bernard Holtermann, àlejò mìíràn láti Jámánì tí wúrà sọ di olówó, gba ayafọ́tò Charles Bayliss láti ya gbogbo Sydney àti omi rẹ̀ láti orí ilé ìṣọ́ tó kọ́ sókè ilé rẹ̀ ní North Shore. Fọ́tò 23 ni wọ́n tò pọ̀, gígùn wọn ju mítà 9 lọ. Òdìkejì tí Martens ti ń wo fún 40 ọdún ni fọ́tò náà kọjú sí. Ẹ fi wọ́n wéra: ìlú ti nà lọ sẹ́yìn òkè, ọkọ̀ ti pọ̀, ṣùgbọ́n ìlà etí omi kò yẹ̀ sí èyí tí Martens fà. Ẹ̀rí tó dára jù nípa ọwọ́ rẹ̀ ni mo ka ìyẹn sí.

Ó ṣiṣẹ́ títí dópin. Ó ya ojú irin Zig Zag tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè nítòsí Lithgow, èyí tí wọ́n ṣí ní 1869, ọkọ̀ ojú irin ń tú èéfín láàárín àpáta bíi pé inú àwòrán Turner ló wà. Ní 1874 àwọn tó dá ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ọnà New South Wales sílẹ̀ ní kí ó ya omi títàkìtì Apsley fún wọn, ó sì wà lára àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ibẹ̀ ní. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1878 ní St Leonards, ní North Shore, níbi tó ti ń gbé láti 1844. Afárá ò tíì sí nígbà yẹn, 1932 ni wọ́n ṣí ti òní. Ọkọ̀ omi ló ń gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ nìyí. Ẹ lọ sí State Library of New South Wales, ibẹ̀ ló ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ẹ wá èyí tó fi léèdì yà ṣáájú èyí tó kun. Èyí tó fi léèdì yà, ojú ibẹ̀ ló ti yà á, déètì àti orúkọ ibẹ̀ sì máa ń wà létí bébà; nínú ilé ló ti ń kun èyí tó fẹ́ tà, nígbà míì ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Tí ohun kan bá wà nínú èyí tó kun tí kò sí nínú ti léèdì, igi, oòrùn, tàbí ènìyàn létí iná, kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè ẹni tó ra àwòrán náà. Tí wọ́n bá ṣe é fún ibi méjì tàbí mẹ́ta, ẹ kọ̀wé sí mi kí n mọ ohun tí wọ́n rí.